Ọjọ́ Tí Ìfọ̀nyìn Jẹ́rìí sí Ìwà Victorin

“Mùsíò, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ní Ìfọ̀nyìn, ẹnu tó lè sọ ohun burúkú nípa mi, wọn kò tíì bí i!”

Victorin ọmọ Ògúnrìndé ló sọ bẹ́ẹ̀, ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Àjàṣẹ́, olú-ìlú Dàhómì, ní ọdún kejì lẹ́yìn tí ilẹ̀ náà gba òmìnira. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń na àyà síta bí àkùkọ tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí. Akọ̀wé tó jókòó níwájú rẹ̀, àgbàlagbà kan tí awò ojú rẹ̀ ti yọ́ bọ́ sí ṣóńṣó imú, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Ohun tí gbogbo wọn ń sọ nìyẹn,” ni akọ̀wé wí. “Bọ̀n, ó dára. O ti yege ìdánwò àkọsílẹ̀. Ó ku ti àfẹnusọ. Ṣùgbọ́n kí o tó dé ibẹ̀, ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ wa máa wá sí ìlú yín, á bèèrè irú ènìyàn tí o jẹ́. Bí ẹ̀rí tí ìlú bá jẹ́ nípa rẹ bá dára, o máa ṣe ti àfẹnusọ. Bí kò bá dára, a ó pa orúkọ rẹ rẹ́, wàá sì máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní a-bí-dí títí irun orí rẹ á fi funfun. Ṣé ó yé ọ?”

“Ó yé mi yékéyéké.”

“O kò sì gbọdọ̀ sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni ń bọ̀. A kò fẹ́ ẹ̀rí àkọ́sórí.”

“Kí ni màá tún sọ fún wọn, Mùsíò? Oyin ló ń kán lẹ́nu wọn bí wọ́n bá ń pe orúkọ mi.”

Akọ̀wé fi ìka ti awò ojú rẹ̀ padà sókè. Ó wo Victorin fún ìgbà àkọ́kọ́. “Ẹni tó kàn!” ni gbogbo ohun tó sọ.

Olùkọ́ ni Victorin ní ilé-ìwé Ìfọ̀nyìn, ìlú ẹ̀bá ààlà tí àwọn Faransé ń kọ sílẹ̀ ní Ifangni. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìjá ọsàn, ó sì mọ ìwé débi pé bí ó bá sín, bí ẹni pé Faransé ló fi sín. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ pé orílẹ̀-èdè tuntun ń wá àwọn tí yóò máa rán lọ sí ìlú onílùú lọ ṣojú rẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní dipulomáàtì, kò dúró kí ẹnikẹ́ni fi í jẹ ẹ. Ilé ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Àkọ́kọ́, dipulomáàtì kì í fi ọwọ́ jẹun. Victorin wá fùṣẹ́ẹ̀tì kan rà, irin oníka mẹ́rin tí òyìnbó fi ń gún oúnjẹ. Tàǹtí Marthe, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá síwájú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilá, tó sì mọ fùṣẹ́ẹ̀tì, á mọ̀ pé kò sí àgbà tó lè bá àwọn méjèèjì parí ìjà. Victorin á ki irin bọ inú àwo, á gbé e sókè, ilá á na ara rẹ̀ gùn títí kan àgbọ̀n rẹ̀, á já, á padà síbi tó ti wá.

“Victorin,” ni Tàǹtí Marthe wí, “kí ni ẹ̀bà yìí ṣe fún ọ tí o fi ń gún un bẹ́ẹ̀?”

“Tàǹtí, báyìí ni wọ́n ṣe ń jẹun ní Páríìsì.”

“Ṣé wọ́n ń yó?”

Ìkejì, dipulomáàtì gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń kí ọlọ́lá. Láàárọ̀ kùtùkùtù Victorin á lọ sẹ́yìnkùlé, á dúró níwájú òbúkọ ńlá Tàǹtí Marthe, á da gìgísẹ̀ pọ̀, á tẹ orí ba díẹ̀, á sì fi èdè Faransé kí i: “Ẹksẹláǹsì!” Òbúkọ á máa jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ lọ, á fi ẹ̀gbẹ́ ojú kan wò ó. Victorin gbà pé ewúrẹ́ dára púpọ̀ fún ìdánrawò, torí pé gẹ́gẹ́ bí àwọn ọlọ́lá, wọn kì í fèsì tààrà.

Ìkẹta ni ìbọwọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá rẹ̀ Ògúnrìndé ti oko ọ̀pẹ rẹ̀ ní Banigbé dé. Dípò kí Victorin dọ̀bálẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí bàbá, gbọnrangandan, bí àwọn ọkùnrin tó ń rí nínú fọ́tò ìwé ìròyìn. Ògúnrìndé wo ọwọ́ náà. Ó rò ó wò díẹ̀. Ó wá sọ̀ kèrègbè epo kalẹ̀ láti èjìká, ó fi í kọ́ ọwọ́ náà.

“O ṣeun, ọmọ mi,” ni bàbá wí. “Èjìká ti ń dùn mí láti Banigbé.”

Gbogbo ìlú rí i pé nǹkan ń ṣe ọmọ Ògúnrìndé. Wọ́n bi í léèrè. Ó fi ìka kan ètè, ó ní ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Wọ́n fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́, nítorí ní Ìfọ̀nyìn, ẹni tó bá ti sọ pé ọ̀rọ̀ ìjọba ni, ẹkún tàbí eré sísá ló máa ń tẹ̀lé e.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀ kan, ọjọ́ tí ilé-ìwé kì í ṣí. Victorin gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìgólò lọ ra kàráfáàtì, aṣọ pẹlẹbẹ tí àwọn ọ̀gá ń so kọ́ ọrùn. Ó rí pupa kan tó ní àmì yẹ́lò tóótòòtó. Ó ní kí ẹni tó tà á bá òun so ó, nígbà tó sì ti rí bí okùn náà ṣe wọ ara wọn tó sì tún jáde, ẹ̀rù bà á láti tú u. Ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ wálé. Atẹ́gùn gbé kàráfáàtì náà sọ sí èjìká rẹ̀, ó ń jù fìrìfìrì lẹ́yìn rẹ̀ bí ahọ́n ajá tí òùngbẹ ń gbẹ.

Bó ṣe wọ ìlú báyìí, kí ló rí? Mọ́tò dúdú kan níwájú ilé Baálẹ̀ Ifátóòkí, lábẹ́ igi máńgòrò. Ọkùnrin kan tó wọ káákí, tó fi awò dúdú bojú, jókòó lórí àga Baálẹ̀, ìwé lórí itan. Ìdajì ìlú ti yí i ká.

Ọkàn Victorin fò sókè. Wọ́n ti dé! Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ sáré débẹ̀, ṣùgbọ́n ó ronú pé bí òun bá yọ sí wọn, ojú á tì wọ́n láti yìn ín lójú ara rẹ̀. Ọmọlúwàbí kì í jókòó ti oríkì ara rẹ̀. Ó bá ti kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn ilé ìdáná Tàǹtí Marthe, ibi tí ògiri ti lu díẹ̀ tó kọjú sí máńgòrò náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi etí lé ihò, ó tún kàráfáàtì rẹ̀ ṣe bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya ní fọ́tò, ó sì pa ojú dé kí adùn náà lè wọ̀ ọ́ lára.

Dieudonné ni orúkọ ọkùnrin oníkáákí náà. Ará Àjàṣẹ́ ni, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì já gaara.

“Ẹ jẹ́ kí n tún un bèèrè,” ni Dieudonné wí. “Victorin ọmọ Ògúnrìndé. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ṣé ara rẹ̀ le? Níbo ló wà?”

Baálẹ̀ Ifátóòkí wúkọ́. Ó fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ gún ilẹ̀. “Haa, Victorin,” ni Baálẹ̀ wí. “Ọmọ yẹn yarọ.”

Victorin la ojú kan.

“Ó yarọ?”

“Ẹsẹ̀ méjèèjì. Láti kékeré ni. Ibi tí a bá gbé e sí láàárọ̀ ni ilẹ̀ máa ṣú bá a.”

Dieudonné kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yíjú sí Scholastique, obìnrin onígaàrí tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Baálẹ̀. “Ẹ̀yin ńkọ́, Madáàmù?”

Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, Scholastique ti tú gèlè, ó ti ká ọwọ́ lérí. “Yéè! Mùsíò, ẹ má dárúkọ rẹ̀ sí mi létí mọ́! Ó ti kú o!”

“Ó kú?”

“Kú wo ló tún kù? A ti jẹ sàráà rẹ̀.”

“Nígbà wo?”

“Nígbà tí gaàrí wọ́n.”

“Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ ní arọ ni.”

“Ṣé arọ kì í kú ni, Mùsíò?”

Lẹ́yìn ògiri, Victorin di ògiri mú. Ó gbọ́ ohùn Tàǹtí Marthe tó sọ pé, “Ẹ má dá wọn lóhùn. Kò kú, kò sì yarọ.” Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ni Victorin ń wí nínú ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹni ni ẹ̀jẹ̀ ẹni. “Wèrè ni,” ni Tàǹtí Marthe parí rẹ̀.

“Wèrè?”

“Wèrè gidi. Mùsíò, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ta ni orí rẹ̀ pé tó ń fi irin oníka mẹ́rin lépa ilá nínú àwo? Ta ni orí rẹ̀ pé tó ń jí láàárọ̀, tó ń tẹríba fún òbúkọ, tó ń pè é ní Ẹksẹláǹsì?”

“Òbúkọ?”

“Òbúkọ èmi gan-an. Èdè yín ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà ni ẹran náà kò ti fẹ́ràn èèpo ẹ̀gẹ́ mọ́, ó ń retí nǹkan tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ohùn kan tún ké láti ẹ̀yìn, ohùn ọ̀kan nínú àwọn ará ẹ̀bá ọ̀nà: “Irọ́ ni! Ó ti sá kọjá ààlà lọ sí Ìdí-Ìrókò tipẹ́!”

Dieudonné gbé ìwé rẹ̀ sókè, ó kà á síta. “Òkú. Tó yarọ. Tó ya wèrè. Tó sì sá lọ sí Ìdí-Ìrókò.” Ó fa awò rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ sórí imú. “Báwo ni arọ ṣe sá?”

“Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ,” ni ohùn náà dáhùn.

Inú Victorin gbóná bí ìkòkò epo. Àwọn ènìyàn yìí! Àwọn tó ń bá kọ lẹ́tà! Àwọn tó kọ́ ọmọ wọn ní ìṣirò títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ! Ṣé ohun tí wọ́n tọ́jú fún òun nìyí? Ó na ara dúró, ó fẹ́ fò jáde kí ó sì fi Faransé dá gbogbo wọn lẹ́jọ́. Ìgbà náà ni Dieudonné yíjú sí Ògúnrìndé.

“Bàbá, ẹ̀yin ni mo gbọ́ pé ẹ bí i.”

Ògúnrìndé dìde. Ọkùnrin tí kì í sọ ojú kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ni, àmọ́ ilẹ̀ ló ń wò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sínú aṣọ.

“Èmi?” ni ó wí. “Èmi kò bí ọmọkùnrin kankan rí.” Ohùn rẹ̀ sì já lójijì, bí okùn agbè tí a fi ń fa omi.

Ìbínú Victorin kú síbẹ̀. Ó mọ ohùn náà. Lẹ́ẹ̀kan péré ló ti gbọ́ ọ rí, ní alẹ́ ọjọ́ tí bàbá sọ ìtàn Fábíyìí fún un.

Ẹ̀gbọ́n Ògúnrìndé ni Fábíyìí. Nígbà ogun Hítílà, oníkáákí kan gbé mọ́tò wá sí Ìfọ̀nyìn, ó jókòó lábẹ́ máńgòrò yìí kan náà, ó sì fi ẹnu ògbufọ̀ bèèrè pé: Ṣé ẹ mọ Fábíyìí? Ṣé ara rẹ̀ le? Níbo ló wà? Inú ìlú dùn pé ìjọba mọ orúkọ ọmọ wọn. Wọ́n yìn ín. Wọ́n ní Fábíyìí ń gbé epo tí ọkùnrin méjì kò lè gbé. Wọ́n ní kò mọ orúkọ ibà. Ògúnrìndé, ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà, fò jáde láàárín èrò, ó ń pariwo pé, “Ẹ̀gbọ́n mi ni! Òun ló lágbára jù!” Wọ́n mú Fábíyìí lọ sójú ogun ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Kò padà wá, ẹnikẹ́ni kò sì wá sọ ibi tó wà.

Láti ìgbà náà ni Ìfọ̀nyìn ti bura pé wọn kò ní yin ọmọ kankan mọ́ níwájú oníkáákí. Bàbá tó bí Ifátóòkí, tó jẹ́ Baálẹ̀ nígbà náà, pín àìsàn fún agbo ilé kọ̀ọ̀kan, kí irọ́ má baà máa kọlu irọ́. Arọ ni ti ilé Baálẹ̀. Ikú ni ti ilé ọkọ Scholastique. Wèrè ni ti ilé Ògúnrìndé. Àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà gba ti Ìdí-Ìrókò, nítorí àwọn ni ẹsẹ̀ wọn yá jù. Ẹni tó bá wá wá ọmọ fún ogun, ẹni tó bá wá wá ọmọ fún iṣẹ́ ọ̀nà tí kọ́mándà òyìnbó ń fi tipá múni ṣe, ìdáhùn ti wà nílẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ronú pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí oníkáákí á máa bi ilé kọ̀ọ̀kan léèrè nípa ọmọ kan náà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni ilé kọ̀ọ̀kan ṣe ko ti tirẹ̀ wá fi dá Victorin lọ́lá. Bàbá rẹ̀ tilẹ̀ gbàgbé wèrè tó jẹ́ ìpín tirẹ̀. Ẹ̀rù kò jẹ́ kó rántí.

Victorin jókòó sórí eérú. Kò mọ̀ pé òun jókòó. Ó ti gbàgbé pé ìlú kan lè fẹ́ràn ènìyàn tó báyìí, kí ó sì máa fi ẹnu já a sí wẹ́wẹ́.

Ṣùgbọ́n ní abẹ́ máńgòrò, Dieudonné ti dìde. Ó ti pa ìwé dé.

“Dakọ́ọ̀, ó dára,” ni ó wí. “Ẹ rò pé ọmọdé ló wà níwájú yín. Irọ́ ni ẹ ń pa fún ìjọba, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ bá mi dé Àjàṣẹ́ lọ ṣàlàyé rẹ̀. Baálẹ̀, ẹ wọ mọ́tò.”

Baálẹ̀ Ifátóòkí, àgbà tó ń fi ọ̀pá rìn, gbé ẹsẹ̀ kan. Victorin rí i láti inú ihò ògiri. Bí òun bá jáde, òun á sọ gbogbo ìlú di òpùrọ́ níwájú ọ̀gá tó máa jẹ́rìí sí ìwà òun. Bí òun kò bá jáde, Baálẹ̀ á wọ mọ́tò náà bí Fábíyìí ṣe wọ̀ ọ́. Ọ̀nà méjèèjì, iṣẹ́ ti lọ. Ó gbọn eérú kúrò ní ṣòkòtò, ó sì jáde.

Tàǹtí Marthe ló kọ́kọ́ rí i. Obìnrin náà kò jáfara. “Ẹ wò ó, Mùsíò! Wèrè náà ti dé! Ó ti fi okùn sọ́rùn ara rẹ̀ lónìí!”

“Victorin, o kú ìrìn—” ni Scholastique bẹ̀rẹ̀, ó rántí pé òun ti pa á, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì figbe ta: “Iwin rẹ̀ ni o! Iwin rẹ̀ ń rìn lọ́sàn-án gangan!”

Baálẹ̀ Ifátóòkí wo ẹsẹ̀ Victorin méjèèjì bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè ọ̀run. “Arọ ń rìn,” ni ó wí jẹ́jẹ́. “Oníkáákí, ẹsẹ̀ yín mà dára o.”

“Ìwọ ta ni?” ni Dieudonné bi í.

Victorin ti fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ gbólóhùn Faransé kan tó gùn, tó ní ìtẹríba nínú lọ́nà mẹ́ta, fún irú ìṣẹ́jú yìí. Kò rí i lẹ́nu mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Baálẹ̀, kàráfáàtì gbá ilẹ̀. Ó dìde.

“Ọ̀gá mi, èmi ni Victorin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú bàbá arúgbó lọ. Ìjọba yín kọ́ ni wọ́n ń parọ́ fún. Ìjọba tó ti lọ ni wọ́n ń dá lóhùn, nítorí kò tíì sí ẹni tó wá jókòó síbí sọ fún wọn pé ó ti lọ lóòótọ́. Ẹ wọ káákí. Ẹ gbé mọ́tò dúdú. Ẹ bèèrè bóyá ara mi le.” Ó sì sọ ìtàn Fábíyìí fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, láìfi iyọ̀ sí i. “Bí ẹ bá fẹ́ pa orúkọ mi rẹ́, ẹ pa á rẹ́. Mi ò ní ẹjọ́ kankan bá wọn rò. Wọ́n yin Fábíyìí, Fábíyìí kú. Èmi, wọ́n pa mí kí n má baà kú.”

Ó yíjú sí wọn. Omi ti lé ròrò lójú rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín ń jà mọ́ ọn lẹ́nu.

“Baálẹ̀, mo dúpẹ́ fún ẹsẹ̀ mi méjèèjì tí ẹ mú. Ìyá Scholastique, ẹ ṣeun tí ẹ pa mí, ẹ sì ṣeun fún sàráà. Ẹ̀yin ará ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ kú ìnira Ìdí-Ìrókò. Tàǹtí mi, ẹ ṣeun fún wèrè.”

“Ìyẹn kò nira fún mi rárá, ọmọ mi,” ni Tàǹtí Marthe dáhùn.

Dieudonné bọ́ awò dúdú kúrò. Ojú kéékèèké ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì pọ́n.

“Ní ìlú ìyá mi, lẹ́bàá odò,” ni ó wí, “ẹ̀tẹ̀ ni gbogbo wa máa ń sọ. Gbogbo ìlú, ẹ̀tẹ̀. A kò mọ̀ pé a lè pín in bẹ́ẹ̀.”

Ó bọ́ kóòtù káákí rẹ̀, ó gbé e sínú mọ́tò, ó sì ti ilẹ̀kùn pa lé e lórí. Ó wá jókòó sórí ẹní, láàárín wọn.

“Ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ogun. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀nà. Dàhómì ń wá ẹni tó máa rán lọ sí ìlú onílùú, kí ó lọ fi ọ̀rọ̀ tútù ṣojú wa. Ọmọ yìí ní òun lè ṣe é. Irú ènìyàn wo ni?”

Láti ìgbà ogun Hítílà, ẹnu wọn kò ti ṣe irú iṣẹ́ yìí, ó ti dógùn-ún. Ògúnrìndé ló dìde níkẹyìn.

“Ó ń gbéraga,” ni ó wí.

Victorin wo ilẹ̀.

“Ó ń gbéraga gan-an. Ó sì ń fi oúnjẹ ṣeré. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti oko dé, kí n tó rí àga, omi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lónìí, ó lè jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn ògiri kí ẹ gbé Baálẹ̀ lọ. Kò jókòó.” Ọwọ́ rẹ̀ jáde láti inú aṣọ, ó nà án sí Victorin. “Èmi ni mo bí i.”

“Ẹ ní ẹ kò bí ọmọkùnrin kankan rí, bàbá.”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i ni.”

Àfi bí ẹni pé wọ́n ṣí ìdènà kúrò lójú odò. Gbogbo ẹnu ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Tàǹtí Marthe ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e fún òun kò ké lóru rí. Scholastique ní ọmọ òun tí gbogbo ayé ti pè ní olódo ni Victorin sọ di ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn. Baálẹ̀ ní kò sí ẹni tó ń sáré bíi tirẹ̀, pé òun ti rí i kó lé mọ́tò bá. Ẹnì kan ní òjò kì í pa á. Ẹlòmíràn ní ejò ń yà fún un lọ́nà oko.

“Ó tó!” ni Dieudonné kígbe, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. “Mo gba ti wèrè gbọ́ ju èyí lọ!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Baálẹ̀ fi di igi mú. Dieudonné kọ ohun tó fẹ́ kọ, ó sì bọ Victorin lọ́wọ́. “Orúkọ rẹ dúró. Wá ṣe ìdánwò àfẹnusọ ní Àjàṣẹ́. Bí o bá sọ ìdajì ohun tí o sọ lónìí, iṣẹ́ náà di tìrẹ.”

Victorin ń wo ojú àwọn ará ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn án pé òun ló ni gbogbo wọn.

Ìgbà náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ìlú pé ọmọ náà máa lọ. Ẹ̀rín di ẹkún. Tàǹtí Marthe di í mú, ó ní òtútù ilẹ̀ òyìnbó ń wọ egungun, ta ni yóò máa se ilá fún un níbẹ̀? Baálẹ̀ ṣí ọtí, ó súre: òkun tó máa là kọjá kò ní ru, àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ kò ní yàn án jẹ, bí ojú kò bá tilẹ̀ tún ríra mọ́ láyé yìí, kí orúkọ rere máa dé ilé. Àwọn obìnrin ń ṣe àmín, wọ́n sì ń fi gèlè nu omi ojú. Scholastique sunkún ju bó ṣe sun ún nígbà tó pa á lọ.

Ògúnrìndé gbìyànjú láti dúró bí ọkùnrin. Ó sún mọ́ Dieudonné.

“Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ó yẹ kí bàbá mọ̀. Bó bá yege, ilẹ̀ wo lẹ máa kọ́kọ́ rán an lọ? Ṣé ọkọ̀ òfúrufú ló máa wọ̀, tàbí ti ojú omi? Oṣù mélòó ni wọ́n máa fi rìn?”

Dieudonné tún ìwé rẹ̀ wò. “Ibi kan ṣoṣo ni àyè ṣí sílẹ̀ sí báyìí. Èkó ni.”

Scholastique fi etí gèlè nu ojú rẹ̀.

“Èkó?” ni ó wí. “Àná ni mo ti ibẹ̀ dé.”